Ẹni Tó Jókòó sí Káńtà: Òṣìṣẹ́ Báńkì àti Ìpààrọ̀ Owó Náírà ní 2023

Bá a bá ń sọ ìtàn báńkì ní Nàìjíríà, orúkọ àwọn gómìnà Báńkì Àpapọ̀ la máa ń dá. Ẹni tó jókòó sí káńtà, tó ń gbowó, tó ń sanwó, a kì í sábà dárúkọ rẹ̀. Òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí.

Lọ́dún 1979, Robert Karasek, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, sọ pé iṣẹ́ púpọ̀ nìkan kọ́ ló ń fa ìnira ọkàn fún òṣìṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, tí àṣẹ ò sì sí lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é, ìgbà yẹn gan-an ni ọkàn ń dàrú.

Ẹ wá rántí ohun tójú wa rí. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹwàá, 2022, Godwin Emefiele kéde pé wọ́n máa pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Ọjọ́ 31, oṣù Kìíní, 2023 ni gbèdéke. Wọ́n tún sún un sí ọjọ́ 10, oṣù Kejì. Owó àtijọ́ wọlé lọ rẹpẹtẹ, tuntun ò tó nǹkan. Wọ́n kọ́kọ́ ní ẹ̀rọ ATM nìkan ni kó máa pọ owó tuntun. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí káńtà máa san ₦20,000 fún ẹnì kan lóòjọ́. Inú bí àwọn èèyàn, wọ́n kọlu báńkì ní Abẹ́òkúta àti ìlú Benin.

Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹta, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní owó àtijọ́ ṣì jẹ́ owó títí di òpin ọdún. Ọjọ́ 13 ni Báńkì Àpapọ̀ tó fèsì sí i ní gbangba. Nínú ọjọ́ mẹ́wàá yẹn, kí ni kí ọmọ káńtà sọ fún oníbàárà?

Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Lọ́dún náà, àwọn méjèèjì ni ọmọ káńtà ń bẹ̀rù. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń já á ṣi owó kà, á sì máa kanra. Àwa náà á ní kò mọ̀wà hù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti di mánéjà báyìí, kẹ́ ẹ tó kọ ìwé ìbáwí fún un, ẹ kọ́kọ́ bèèrè: kí ló wà níkàáwọ́ rẹ̀ gan-an?