Ìjókòó Kì í Ṣe Orúkọ: Ìtàn Bí Ẹ̀rọ Unix Ṣe Ń Jí

Bí olùkọ́ kan bá ń fi nọ́ńbà ìjókòó pe àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, ìpè náà yóò gún régé títí di ọjọ́ tí ọmọ tuntun bá wọlé. Ní ọjọ́ náà, ẹni kẹta yóò di ẹni kẹrin, ẹni tí a kò pè ni yóò sì máa jẹ́. Kò sí ọmọ tí ó sọnù. Ìpè ni kò bá ìjókòó mu mọ́. Irú ìdààmú yìí ni ó máa ń bá kọ̀ǹpútà Unix àtijọ́ nígbà tí a bá pààrọ̀ ẹ̀yà ara rẹ̀ kan, tí ó sì kọ̀ láti jí.

Ní ọdún 1969 ni Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ Unix ní Bell Labs, ní Amẹ́ríkà, lórí ẹ̀rọ PDP-7. Láìpẹ́, wọ́n gbé e lọ sórí PDP-11. Ní ayé ìgbà náà, ọwọ́ ni a sábà fi ń tẹ àwọn swíìṣì iwájú ẹ̀rọ láti kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí yóò fi mọ bí a ti ń ka ìyókù láti orí dísìkì. Nínú Ẹ̀dà Kẹfà, tí ó jáde ní 1975, inú kernel, èyí tí í ṣe ọkàn ètò náà, ni a kọ nọ́ńbà dísìkì àkọ́kọ́ sí. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ irú dísìkì náà ní láti tún kernel ṣe.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Sun gbé SPARCstation 1 jáde ní 1989, ẹ̀rọ ti lè jí fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀ràn ìjókòó kò tán. Gbogbo ẹ̀yà tí ó wà lórí okùn SCSI kan gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí méjì bá jẹ́ nọ́ńbà kan náà, ìjà dé. Dísìkì tí ẹ̀rọ náà ń pè ní sd0 sì wà ní nọ́ńbà 3, kì í ṣe ní 0. Bátìrì kékeré kan tún ń tọ́jú ìrántí rẹ̀. Bí ó bá kú, ẹ̀rọ a gbàgbé nọ́ńbà ìdánimọ̀ ara rẹ̀.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mo bẹ̀ wò, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà ní ìdí fèrèsé. Wọ́n ní ó ti kú. Mo béèrè ohun tí a fi ọwọ́ kàn gbẹ̀yìn. Dísìkì kejì ni a fi kún un, nọ́ńbà rẹ̀ sì bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba. A yọ ọ́; ẹ̀rọ jí.

Nítorí náà, èkíní, ẹ dá ohun tí a yí padà gbẹ̀yìn sí ipò rẹ̀. Èkejì, ẹ bi ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ léèrè ohun tí ó rí: lórí Sun, àṣẹ probe-scsi ni ó ń ṣe èyí. Ẹ̀kẹta, ẹ fi ìdáhùn rẹ̀ wé ohun tí a kọ sínú fáìlì /etc/fstab. Lórí Solaris, àṣẹ boot -r a máa mú kí ẹ̀rọ tún àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ kà.

Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, a fi àmì ìdánimọ̀ tí ń jẹ́ UUID sórí ohun tí ó wà nínú dísìkì, tí ó fi jẹ́ pé ibikíbi tí a bá gbé e sí, àmì náà kò yí padà. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ; ṣùgbọ́n bí a bá ti sọ ọ́ tán, ọmọ a máa gbé orúkọ rẹ̀ kiri. Kí a tó sọ pé ẹ̀rọ kan kú, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wádìí bóyá ìjókòó ni a ń pè dípò orúkọ.