Máṣìnì Tí Gìgísẹ̀ Kan Ilẹ̀

Kí alùpùpù Bajaj tó gbòde, Honda C70 lẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ alùpùpù máa ń wá ní ìlú Lálúpọn. Kò ní klọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ nìkan la fi ń yí jíà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọmọ ìyá Super Cub ni, èyí tí Honda gbé jáde ní Japan lọ́dún 1958.

Ọ̀nà oko kòkó ni bàbá mi ti kọ́ mi. Wọ́n ní kí n jókòó lé e ná. Bí gìgísẹ̀ mi ò bá kan ilẹ̀, máṣìnì yẹn ga jù fún mi. Lẹ́yìn náà, wọ́n rọra tẹ́ ẹ sórí koríko, wọ́n ní kí n dá a gbé dìde. Ìgbà kẹta ni mo tó rí i gbé.

Nígbà tí SAP, ètò àtúnṣe ọrọ̀ ajé ìjọba Nàìjíríà, dé lọ́dún 1986 tí iṣẹ́ wọ́n, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sọ alùpùpù di iṣẹ́. Orúkọ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú Okada Air ni wọ́n fi ń pè é ní ọ̀kadà. Nígbà tó yá, Bajaj Boxer ti India gba ọjà, nítorí ó lè ru èrò àti àpò gàrí. Ó wúwo, ó sì ní klọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Orí rẹ̀ làwọn ọmọ wa ti ń kọ́ báyìí, ó sì ń ká mi lára.

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi gbé tirẹ̀ wálé. Mo tẹ́ ẹ sórí koríko. Kò lè gbé e.