Ta Ló Yọ́ Sẹ̀gi?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, èmi náà ti rò rí pé òyìnbó ló kó sẹ̀gi wá fún wa. Irọ́ gbuu ni! Ní 1910, Leo Frobenius ará Jámánì hú ìlẹ̀kẹ̀ àti ìkòkò tí dígí dì mọ́ nínú ní Igbó Olókun, Ilé-Ifẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ń sọ pé dígí òkèèrè làwọn baba wa kàn ń tún yọ́. Abídèmí Babalọlá tún ibẹ̀ gbẹ́, ó rí ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000. Àyẹ̀wò tó tẹ̀ jáde ní 2017 fi hàn pé dígí náà ò jọ ti Lárúbáwá tàbí ti Yúróòpù. Èròjà àdúgbò ni wọ́n fi ṣe é, kí òyìnbó tó dé etíkun wa. Tẹ́ ẹ bá rí sẹ̀gi lọ́rùn ọba, ẹ rántí ẹni tó koná mọ́ ìkòkò.