Asẹ́ Ìró Nínú Iṣẹ́ Wíwá Epo ní Ilẹ̀ Warri

Ẹni tó bá gba Edjeba kọjá ní Warri, tó rí ọgbà ńlá tí Shell kọ́ fún ibùgbé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, tó tún rí ọ́fíìsì tí wọ́n kọ́ sí Ogunu nítòsí, kò ní tètè rò ó pé etí ni wọ́n fi wá epo tó sọ ibẹ̀ di ibùdó, kì í ṣe ojú. Ọdún 1938 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún Shell D'Arcy láṣẹ láti wá epo káàkiri Nàìjíríà. Ó di ọdún 1956 kí wọ́n tó kan epo tó tó tà ní Oloibiri, àkọ́tà rẹ̀ sì rékọjá òkun ní 1958.

Nínú ẹrẹ̀ àti omi ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Wọn a gbẹ́ ihò tóóró, wọn a ki dáínámáìtì bọ inú rẹ̀, wọn a sì tẹ́ jiofóònù, ẹ̀rọ tó ń fetí sí ìró inú ilẹ̀, lọ bí ilẹ̀ ti gùn tó. Bí ó bá ti dún gbàmù, ìró a wọlẹ̀ lọ, a kan ìpele òkúta, gbohùngbohùn rẹ̀ a sì padà wá ròyìn ohun tó bá nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n aláriwo kan wà tó ń sáré lórí ilẹ̀, ohùn rẹ̀ wúwo, kì í sábà gbọ̀n ju ìgbà 20 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, òun ni í sì bo gbohùngbohùn mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi nílò asẹ́ ìró, ohun tó ń jẹ́ kí ìró kan kọjá tó sì ń gé òmíràn, irú èyí tí Campbell ní Amẹ́ríkà àti Wagner ní Jámánì, láìjẹ́ pé èkíní gbọ́ ti èkejì, ti ṣe fún okùn tẹlifóònù ní 1915.

Nígbà tó jẹ́ pé orí bébà ni jiofóònù ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí, inú igbó ni ọ̀gá ti ń yan asẹ́, ohun tó bá sì sẹ́ dànù ti lọ ràì. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Àfìgbà tí téèpù dé láàárín ọdún 1950 sí 1960, tí kọ̀ǹpútà sì tẹ̀lé e, ni wọ́n tó lè tún ìró kan náà sẹ́ léraléra, tí wọ́n á sì fi ọ̀kan wé èkejì.

Àwọn asẹ́ ọ̀hún kò dọ́gba, bí wọ́n tilẹ̀ ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ti Butterworth, ará Ìlú Ọba, tó jáde ní 1930, a máa jẹ́ kí ohun tó yẹ kó kọjá kọjá ní pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n kì í tètè gé èyí tí kò yẹ. Èyí tí wọ́n fi orúkọ Chebyshev, onímọ̀ ìṣirò ará Rọ́ṣíà, pè ń gé ṣáká, ó kàn ń mi ohun tó gbà kọjá díẹ̀díẹ̀. Ti Cauer, ará Jámánì, mú ju gbogbo wọn lọ, ó sì ń dún bí agogo lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀. Thomson wá ṣe tirẹ̀ ní 1949, ọ̀lẹ ni nípa gígé, ṣùgbọ́n kì í ba ìrísí ìró jẹ́. Lójú tèmi, agogo Cauer yìí léwu jù, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò rí i tí yóò pè é ní ìpele òkúta.

Ewu kan tún wà, ó sì jinlẹ̀ ju èyí lọ: gbogbo àwọn asẹ́ wọ̀nyí ni í dá ìró dúró díẹ̀. Bí ìró bá ń sáré mítà 2,500 ní ìṣẹ́jú-àáyá, tí asẹ́ sì fi ìdá 10 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá dá a dúró, àtilọ àtibọ̀ rẹ̀ yóò fi mítà méjìlá àbọ̀ ṣi ìjìnlẹ̀ fún wa, ìpele epo mìíràn kò sì nípọn tó bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló gbà wá, nítorí ó lè sẹ́ ìró síwájú, kó tún sẹ́ ẹ sẹ́yìn, tí ìdádúró náà yóò fi pa ara rẹ̀ rẹ́. Tàbí kó lo asẹ́ tí apá rẹ̀ méjèèjì dọ́gba, irú èyí tí Parks àti McClellan kọ ìlànà rẹ̀ ní 1972, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣirò rẹ̀ pọ̀. Ariwo iná mànàmáná tó ń gbọ̀n ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan náà ṣeé gé pẹ̀lú asẹ́ tóóró, ṣùgbọ́n gbohùngbohùn tó bá wà níbẹ̀ yóò bá a lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ epo ní Petroleum Training Institute ní Effurun, ẹ mọ ohun tí ẹ ń wá kí ẹ tó mú asẹ́, kí ẹ sì tọ́jú téèpù àkọ́gbà, kí ẹ má ṣe pa á rẹ́.