Ọ̀fà àti Ọ̀yun: bí ilẹ̀, omi àti ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì ṣe rí

Ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀fà àti ti Ọ̀yun wà lára ìjọba ìbílẹ̀ 16 tó wà ní ìpínlẹ̀ Kwara. Gúúsù Kwara ni àwọn méjèèjì wà, àwọn àti Ifẹ́lódùn ló sì jọ ń yan ẹnì kan lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá. Ọjà kan náà ni wọ́n ń ná, odò kan náà ni wọ́n ń mu. Àmọ́ lójú òfin, ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹni tó ń gbé Ọ̀fà, tí oko rẹ̀ wà lápá Ọ̀yun, ìjọba ìbílẹ̀ méjì ló ń bá lò.

Bí ilẹ̀ ṣe tó

Ilẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀fà kò ju nǹkan bíi kìlómítà 95 níbùú lóròó lọ. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, èèyàn 89,674 ni wọ́n kà níbẹ̀. Ọ̀yun, tí oríkò rẹ̀ wà ní Ìlémọnà, tó kìlómítà 476, èèyàn 94,253 ni wọ́n sì kà síbẹ̀ lọ́dún yẹn. Ìyẹn ni pé lórí kìlómítà kan níbùú lóròó, Ọ̀fà ní bíi èèyàn 940, nígbà tí ti Ọ̀yun kò pé 200.

Ara ìlú tó wà lábẹ́ Ọ̀yun ni Ẹ̀rìn-Ilé, Ìjàgbó, Ìpeè, Ìkòtún, Ìgòsún, Òjòkú àti Ìrá, ìlú tí ìtàn so mọ́ Ọya. Ìjàgbó àti Ẹ̀rìn-Ilé sún mọ́ Ọ̀fà débi pé àlejò lè ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì kó má mọ̀.

Níbi tí igbó ti ń di ọ̀dàn

Ẹni tó bá gba Ìkìrun àti Òkukù wá sí Ọ̀fà á rí i pé igbó ń fúyẹ́ bó ṣe ń bọ̀. Igbó kìjikìji tó bo Oǹdó àti apá kan Ọ̀ṣun àti Èkìtì kò dé ibí mọ́. Àwọn onímọ̀ sọ pé igbó ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ agbègbè yìí tẹ́lẹ̀. Oko dídá àti iná tí wọ́n ń sun lọ́dọọdún ló jẹ́ kí koríko gbà á, torí iná kì í jẹ́ kí ọmọ igi igbó dàgbà.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀pẹ àti ìrókò fi ń bá igi ẹ̀mí àti igi igbá, tí a fi èso rẹ̀ ṣe irú, gbé pọ̀. Igbó tó ṣẹ́kù, etí odò ló pọ̀ sí. Òjò máa ń rọ̀ láti bíi oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá, ó sì máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ. Iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ọkà bàbà ni wọ́n ń gbìn. Ní ti ọ̀dùnkún, táwọn kan ń pè ní ànàmọ́, a mọ Ọ̀fà mọ́ ọn.

Odò Ọ̀yun ló fún ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yun lórúkọ. Apá àríwá, lọ́nà Ìlọrin, ló ń ṣàn lọ. Wọ́n sé e lágbègbè Ọ̀fà fún omi ẹ̀rọ, Yunifásítì Ìlọrin náà sì ní ìsédò tirẹ̀ lórí rẹ̀. Nítorí náà, ajílẹ̀ tí òjò bá gbá kúrò lóko lókè odò, inú omi táwọn ará ìsàlẹ̀ ń mu ló ń lọ.

Ta ló ń ṣe kí ni?

Lágbo ìṣẹ̀dálẹ̀, Ọlọ́fà ni olórí Ọ̀fà. Ọba Mufutau Gbadamosi Esuwoye Kejì ló wà lórí ìtẹ́ láti ọdún 2010. Orúkọ oyè ìjòyè bíi Ẹ̀sà, Òjómù, Sàáwo àti Balógun náà ni wọ́n fi ń pe àwọn wọ́ọ̀dù ìdìbò.

Ní ti ìjọba, alága àti káńsílọ̀ ni aráàlú ń dìbò yàn. Ìdìbò wáyé ní Kwara lọ́jọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Òfin ọdún 1999 gbé ọjà, gáréèjì, ilé ìpẹran, itẹ́ òkú, ìdọ̀tí kíkó, ojú àgbàrá, ọ̀nà kéékèèké àti ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Lọ́jọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, kí gómìnà má dá a dúró.

Ọ̀rọ̀ ààlà

Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fún ìjọba ìbílẹ̀ láṣẹ láti fọwọ́ sí ìwé ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ìgboro. Fún oko, kò gbọdọ̀ ju hẹ́kítà 500 lọ. Fún ìjẹko ẹran, kò gbọdọ̀ ju 5,000 lọ. Ilẹ̀ tí wọ́n bá ti kéde pé ó jẹ́ ti ìgboro, ọwọ́ gómìnà ló wà.

Èyí ló jẹ́ kí ààlà ṣe pàtàkì. Ọ̀fà ti kún, oko kò sì ní ibòmíràn láti lọ ju apá Ọ̀yun lọ. Ìjà ààlà láàárín Ọ̀fà àti Ẹ̀rìn-Ilé ti gba ẹ̀mí àti dúkìá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìgbìmọ̀ ààlà ìpínlẹ̀, tí igbákejì gómìnà ń darí, ló ń rí sí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ra ilẹ̀ oko tàbí gba ìwé, ibi tí ilẹ̀ wà ni kó kọ́kọ́ béèrè, kì í ṣe ibi tí olóko ń sùn. Ilẹ̀ tó bá wà ní Ọ̀yun, Ìlémọnà ni kó gbà lọ, kódà bó jẹ́ ará Ọ̀fà ló ń ro ó.