Ẹyẹ Kan, Àsíá Méjì

Kí n tó sọ̀rọ̀ jìnnà, ẹ mú fóònù yín, kí ẹ wá àsíá Rhodesia ti ọdún 1968 lórí Google. Ẹ ti rí i? Àwọ̀ ewé, funfun, àwọ̀ ewé. Rárá o, kì í ṣe pé Google ṣèèṣì gbé àsíá Nàìjíríà fún yín. Tiwa ti ń fẹ́ lẹ́lẹ́ láti 1960, Taiwo Akinkunmi, ọmọ Yorùbá, ló sì ya á. Àsíá ìjọba Ian Smith lẹ ń wò yẹn: àwọn òyìnbó péréte tó jókòó lé ilẹ̀ àwọn èèyàn dúdú ní ìhà gúúsù Áfíríkà, tí wọ́n tún dá kéde òmìnira fún ara wọn ní 1965 kí èèyàn dúdú má baà dé orí àlééfà.

Ẹ fẹ àwòrán yẹn lójú díẹ̀. Asà kan wà láàrin rẹ̀, lókè asà náà, ẹyẹ kan dúró ṣinṣin. Ó dáa. Ẹ wá àsíá Zimbabwe tòde òní wàyí, èyí tí wọ́n gbé sókè ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ọdún 1980, lọ́jọ́ tí wọ́n gbòmìnira. Ẹ wo ibi igun mẹ́ta funfun yẹn, níbi tí ìràwọ̀ pupa wà. Ẹyẹ kan náà ni!

Àwọn méjì tó fi ìbọn bá ara wọn jà fún ọdún gbọọrọ, báwo ni wọ́n ṣe gbé ẹyẹ kan náà sórí àsíá? Ọ̀rọ̀ tòní nìyẹn.

Ibi tí ẹyẹ náà ti wá ni wọ́n ń pè ní Great Zimbabwe, nítòsí ìlú Masvingo. Àwọn baba ńlá àwọn Shona ló kọ́ ọ láàrin nǹkan bí ọdún 1000 sí 1450. Òkúta lásán ni wọ́n tò léra, kò sí sìmẹ́ǹtì, kò sí amọ̀ láàrin wọn. Ògiri tó tóbi jù níbẹ̀ ga tó mítà 11 láwọn ibì kan, àyíká rẹ̀ sì tó mítà 250. Wúrà ń ti ọ̀dọ̀ wọn lọ sí etí òkun ìlà-oòrùn, ọjà ń ti òkèèrè bọ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn tiẹ̀ rí àfọ́kù àwo tánńganran ilẹ̀ Ṣáínà níbẹ̀. Orúkọ ibẹ̀ pàápàá, ilé olókùúta ló túmọ̀ sí lédè Shona.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ẹyẹ mẹ́jọ tí wọ́n gbẹ́ sórí òpó òkúta. Òkúta náà rọ̀, ó sì máa ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ, irú èyí tí wọ́n fi gbẹ́ àwọn ère Èsìẹ́ ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ẹyẹ yẹn ò jọ ẹyẹ tán o. Òmíràn nínú wọn ní ètè bí ènìyàn dípò àgógó, òmíràn ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ márùn-ún. Lára òpó ọ̀kan, ọ̀nì ń gun òkè bọ̀. Àwọn kan ní idì ni, àwọn mìíràn ní idì tó ń pẹja ni. Èmi rò pé ẹni tó gbẹ́ ètè ènìyàn sí ẹnu ẹyẹ kò fẹ́ ká máa jiyàn lórí irú ẹyẹ tó jẹ́. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ìránṣẹ́ ni wọ́n, láàrin ọba àti àwọn baba ńlá tó ti kú.

Ní 1871 ni ará Jámánì kan, Karl Mauch, débẹ̀. Ó gé èèrún díẹ̀ lára igi àtẹ́rígbà ẹnu ọ̀nà kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní ó ń rùn bíi pẹ́ńsù òun. Pẹ́ńsù rẹ̀ sì rèé, igi kédárì ni. Kédárì ti Lẹ́bánónì ni, àbí? Ta ló ń lo kédárì Lẹ́bánónì? Sólómọ́nì. Ta ló lọ bẹ Sólómọ́nì wò? Ayaba Ṣébà. Ó parí! Ayaba Ṣébà ló kọ́ Great Zimbabwe. Ẹ má rẹ́rìn-ín, bí wọ́n ṣe ń ṣe ìwádìí nìyẹn nígbà tí ìdáhùn ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bi ìbéèrè. Ìdáhùn náà ni pé èèyàn dúdú kò lè kọ́ irú rẹ̀.

Ní 1889, ọdẹ òyìnbó kan tó ń jẹ́ Willi Posselt dé orí òkè náà, ó rí àwọn ẹyẹ náà lórí ìdúró. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò fẹ́ kó fọwọ́ kàn wọ́n. Ó kó kúbùsù àtàwọn nǹkan mìíràn fún wọn, ó mú ẹyẹ tó wù ú jù. Òpó rẹ̀ wúwo jù láti gbé, ló bá gé ẹyẹ náà kúrò lórí rẹ̀. Cecil Rhodes ló tà á fún. Rhodes gbé e sínú ilé rẹ̀ ní Cape Town, Groote Schuur, ó sì ní kí wọ́n gbẹ́ àwòkọ rẹ̀ sára àkàsọ̀ ilé náà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ilé-iṣẹ́ Rhodes rán àwọn ènìyàn rẹ̀ wọ ilẹ̀ náà láti gbà á, wọ́n sì wá fi orúkọ rẹ̀ pe ibẹ̀. Ní 1891, Theodore Bent tún kó òmíràn lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Cape Town.

Ẹ ti ń rí ibi tí mò ń lọ. Tó bá jẹ́ pé àwọn aláwọ̀ funfun kan láti Lẹ́bánónì ló kọ́ ibẹ̀ láyé àtijọ́, a jẹ́ pé Rhodes kò gba ilẹ̀ ẹnikẹ́ni, ilé ló padà sí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè gbé ẹyẹ náà sórí àmì ìjọba wọn ní 1924 láìtijú. Tiwọn ni wọ́n pè é.

Bẹ́ẹ̀ awalẹ̀pìtàn David Randall-MacIver ti walẹ̀ níbẹ̀ ní 1905, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ Áfíríkà ni. Gertrude Caton-Thompson tún walẹ̀ ní 1929, ó sọ ohun kan náà. Ìjọba ò gbọ́. Lábẹ́ Ian Smith, wọn ò fẹ́ kí ìwé tí wọ́n ń tà fún àwọn arìnrìn-àjò sọ ẹni tó kọ́ ọ ní tààràtà. Peter Garlake, tó ń bójú tó àwọn ibi ìṣẹ̀ǹbáyé nígbà náà, kọ̀ láti parọ́, ó sì fi ìlú sílẹ̀ ní 1970.

Ṣé ẹ mọ ibi tó gbà lọ? Ilé-Ifẹ̀! Yunifásítì Ifẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́, òun ló walẹ̀ ní ilẹ̀ Ọbalárá, tó rí ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ àti àwọn orí amọ̀. Ìlú yẹn náà kan ni Leo Frobenius ti rí orí Olókun ní 1910, tó ní àwọn Gíríìkì láti Atlantis ló ṣe é. Garlake ti mọ orin yẹn láti ilé.

Àwọn tó ń jà fún òmìnira ní tiwọn mú orúkọ ibẹ̀ láti ọdún 1960 síwájú, wọ́n fi sọ ẹgbẹ́ wọn: ZAPU ní 1961, ZANU ní 1963. Kí wọ́n tó ní ilẹ̀, wọ́n ti ní orúkọ tí irọ́ yẹn ò lè gbà lẹ́nu wọn. Nígbà tí wọ́n borí, ẹyẹ náà ò kúrò lórí àsíá, ìtàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló yí.

Àmọ́ ẹ wò ó, ọ̀pọ̀ ẹyẹ gan-an ò sí nílé. Ní 1981, Sáùtù Áfíríkà dá mẹ́rin padà, kì í ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Zimbabwe ní láti kó àkójọ kòkòrò fún wọn: oyin, agbọ́n àti èèrà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, tí àwọn onímọ̀ ti gbẹ pamọ́. Baba ńlá ẹni, pààrọ̀ agbọ́n gbígbẹ! Ẹyẹ tí Posselt tà fún Rhodes kò sí lára àwọn mẹ́rin náà. Wọ́n fi í sílẹ̀ ní Groote Schuur. Ìdajì ìsàlẹ̀ ọ̀kan wà ní Berlin, àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà kó o lọ sí Leningrad nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó tún padà sí Jámánì, ọdún 2003 ló tó délé.

Èyí tó kẹ́yìn, àwa tí à ń lo fóònù ló kàn jù. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2016, Pásítọ̀ Evan Mawarire fi àsíá Zimbabwe kọ́ ọrùn, ó jókòó síwájú fóònù rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí ohun tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró fún ṣe yàtọ̀ sí ohun tí ojú àwọn ará ìlú ń rí. Ó gbé fídíò náà sórí Facebook, #ThisFlag sì gba ìlú kan. Ní oṣù Keje, ọlọ́pàá mú un. Àwọn èèyàn ró àsíá lọ sí kóòtù, títí kan àwọn lọ́yà, adájọ́ sì tú u sílẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án, ìjọba kìlọ̀ pé ẹni tó bá ń ṣe àsíá tàbí tó ń tà á láìgbàṣẹ lè rí ẹ̀wọ̀n he.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ fún wa: idì orí àmì Nàìjíríà, ta ni ẹ rò pé ó ń ṣojú fún?