Wli: Níbi tí odò Agumatsa ti ń já láti orí àpáta

Ẹni tó bá kúrò ní Lomé, tó sọdá ààlà ní Aflao, tó gba Ho dé Hohoe, bíi kìlómítà 20 ló kù kó dé Wli. Abúlé àwọn Éwé ni, ní Gánà, lábẹ́ àwọn òkè tó pààlà pẹ̀lú Tógò. Odò Agumatsa ń já níbẹ̀ láti orí àpáta, àwọn ará Gánà sì ń pè é ní ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ omi tó ga jù ní ilẹ̀ wọn. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ìtumọ̀ orúkọ odò náà ni "jẹ́ kí n ṣàn".

Ìjọba fi òfin dáàbò bo igbó tó yí i ká. Kí ẹ tó wọlé, ẹ ó kọ́kọ́ yà sí ọ́fíìsì tó wà lábúlé, ẹ ó sanwó (sẹ́dì o, kì í ṣe séfà wa), wọn á sì fún yín ní amọ̀nà. Ẹ má ṣe ráhùn owó amọ̀nà. Ẹni tó gbọ́ Mínà á lè bá wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀; ẹni tó gbọ́ Faransé nìkan, ọwọ́ ló máa fi sọ tiẹ̀.

Ọ̀nà ìsàlẹ̀ kò le. Bíi ìṣẹ́jú 45 ni, ọmọdé pàápàá ń rìn ín. Odò kan náà lẹ ó máa sọdá lórí afárá kéékèèké, ó ju ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ lọ: ẹ ó fi í sílẹ̀ lọ́tùn-ún, ẹ ó tún bá a lósì. Igi ga, òjìji tutù, labalábá ń fò kiri. Ẹ ó gbọ́ ariwo omi kí ẹ tó rí i. Tí ẹ bá sì dé, atẹ́gùn rẹ̀ á ti rin aṣọ yín kí ẹ tó sún mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n omi kọ́ ló yà wá lẹ́nu jù. Ẹ gbójú sókè sí ara àpáta: gbogbo ohun dúdú tó so rọ̀ yẹn, àdán ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Lọ́dọ̀ wa, bí a bá rí àdán, ọbẹ̀ ló ń wá síni lọ́kàn, kí a má purọ́. Bẹ́ẹ̀ àdán tó ń jẹ èso ló ń gbin igbó. Lóru wọ́n á fò jìnnà, wọ́n á jẹ èso ìrókò, wọ́n á sì yàgbẹ́ hóró rẹ̀ síbi tí ẹnikẹ́ni ò gbìn ín sí. Ìrókò tó wà létí oko yín lè jẹ́ iṣẹ́ wọn. Bí igi bá sì pọ̀ lórí òkè, omi òjò á ráyè wọlẹ̀, á máa sun jáde díẹ̀díẹ̀ sínú odò. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí omi ṣì máa já lẹ́yìn tí òjò bá ti dá, bó tilẹ̀ dínkù.

Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ti òkè ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni: bíi wákàtí 2 gígùn òkè, níbi tó ga gan-an. Sálúbàtà kò lè gbà á. Ẹ wọ bàtà tó di ẹsẹ̀ mú, kí ẹ mú ọ̀pá àti omi mímu. Lóṣù kẹfà sí ìkẹwàá omi ń já gidi, àmọ́ ilẹ̀ ń yọ̀. Tí òjò bá ti rọ̀ lárọ̀, ti ìsàlẹ̀ tó yín. Lọ́yẹ́, ọ̀nà gbẹ, omi sì kéré.

Àwọn ará Tógò mọ̀ ọ́n láti orí òkè, ní Yikpa. Ààlà orílẹ̀-èdè ló wà láàárín ibẹ̀ àti Wli, nítorí náà ẹ mú káàtì ìdánimọ̀ yín dání.